Ẹ Fi Àmì sí Ẹ̀ẹ̀rù

Lẹ́tà tó ti Ìbàdàn dé láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn kò ju ìlà mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́rin náà tó láti rán obìnrin kan lọ sẹ́wọ̀n. Oṣù keje ọdún 1978 ni. Ọ̀gá Adébáyọ̀, olórí àgọ́ ọlọ́pàá kan ní Adó-Èkìtì, ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ọwọ́ gbá tábìlì.

"Ó parí! Omi inú ìgò yẹn, omi tó ń bó ọ̀fun ni. Ilé àyẹ̀wò ní ajá pàápàá kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Obìnrin yìí fún Alàgbà Akínbọ́lá ní májèlé mu. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kóòtù yá!"

Gbogbo ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ kí i kú oríire. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò kí i. Sájẹ́ńtì Monínúọlá Bámgbóyè na ọwọ́ sí ìgò tí wọ́n dá padà pẹ̀lú lẹ́tà náà, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó gbé imú lé e. Ó gbé e kúrò. Ó tún gbé imú lé e lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ jẹ́ kí n fi Sájẹ́ńtì obìnrin yìí hàn yín ká tó máa lọ. Ọmọ Igbemo ni, ọmọ ológì. Ìyá rẹ̀ ta ògì títí ọlọ́jọ́ fi dé, imú tí Monínúọlá sì fi mọ ògì ọjọ́ méjì yàtọ̀ sí ti ọjọ́ mẹ́ta náà ló fi ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá. Àwọn ọkùnrin àgọ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Ìyá Onímú. Kò bínú. Olè mẹ́tàdínlógún ni imú yẹn ti mú. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kò tíì mú mẹ́rin.

"Ọ̀gá," ó ní, "kò sí ẹ̀ẹ̀rù nínú ìgò yìí."

"Kí lo wí?"

"Ẹ̀ẹ̀rù kì í fara pamọ́, sà. Bí wọ́n bá fi se ọbẹ̀ fún ìyá ọmọ tuntun, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀ pé ẹnì kan bímọ. Omi yìí kò ta sánsán rárá. Òórùn eérú ni mo ń gbọ́."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ilé àyẹ̀wò ní ẹ̀rọ, ìwọ ní imú. Ta ni kí n gbà gbọ́? Bó bá ṣe eérú náà ni, ó burú ju ẹ̀ẹ̀rù lọ. Ìkà ni obìnrin náà."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé, ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú, Alàgbà Akínbọ́lá ṣubú lulẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni, ẹni tó kọ́ ìdajì Adó ní ìwé. Àtọ̀gbẹ ń bá a fínra. Ilé ìwòsàn ń fún un ní oògùn oníhóró, òun náà sì ń mu ẹ̀ẹ̀rù mọ́ ọn, nítorí pé gbogbo Ọjà Ọba ló mọ Ràṣídátù, obìnrin tó ń ta èròjà ọbẹ̀, tó sì ń sọ fún ayé gbọ́ pé omi ẹ̀ẹ̀rù òun ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ọjọ́ kejì ààwẹ̀ ìjọ ni Alàgbà dákú. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kù díẹ̀ kó tán. Nígbà tó lajú, ojú náà pọ́n bí ìyeyè. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní kò sí ohun mìíràn tí ọkọ òun ń mu ju ẹ̀ẹ̀rù lọ. Kí oòrùn tó dé àtàrí, Ràṣídátù ti wà ní àhámọ́, wọ́n sì ti ti ìsọ̀ rẹ̀ pa.

Láti inú àhámọ́ náà ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde bọ̀ báyìí. "Mo gbọ́ o! Ẹ sọ pé májèlé! Ẹ gbé e wá síbí, èmi náà á mu ún lójú yín!"

Monínúọlá wo ìgò ọwọ́ rẹ̀. Ó dára tí ẹnikẹ́ni kò gbé e fún un.

*

Kọ́ńsítébù Ọláoyè ló lọ bu omi náà wá. Kò ju oṣù méjì lọ tó wọṣẹ́, ó sì dúró gbọnrangandan níwájú Sájẹ́ńtì.

"Níbo lo ti bu omi yìí?"

"Lẹ́yìn ilé Ràṣídátù, mà. Ìkòkò kan ló wà níbẹ̀ tí ìdí rẹ̀ lu, omi ń kán láti inú rẹ̀ sínú agbada."

"Kí ló wà nínú ìkòkò?"

"Eérú ni, mà."

"Ta ló ní kí o lọ bu omi eérú?"

Ẹnu ya Ọláoyè. "Àbí òun kọ́, mà? Òun ló wà nínú ìwé!"

Ó yọ ìwé náà jáde nínú àpò. Èdè òyìnbó ni gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì péré ló wà láàárín: OMI ERU. Ẹ̀rọ táípù àgọ́ ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà kò mọ ẹ yàtọ̀ sí e, kò sì mọ àmì ohùn kankan. Ẹ wò ó, nínú lẹ́tà mẹ́ta yẹn, ẹrù orí wà níbẹ̀, ẹrú wà níbẹ̀, ẹ̀rù tó ń bani wà níbẹ̀, àní èrú pàápàá wà níbẹ̀. Wọ́n rán ọmọkùnrin yìí ní ẹ̀ẹ̀rù, eérú ló kà.

"Kò sí ẹni tó bi ọ́ ní ìbéèrè nígbà tí o ń bù ú?"

"Ìyá àgbà kan bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi omi ọṣẹ òun ṣe. Mo ní ọlọ́pàá kì í dáhùn ìbéèrè."

Ìyá ọkọ Ràṣídátù ni ìyá àgbà yẹn. Ọṣẹ dúdú ló ń ṣe. Omi ọṣẹ ni àwọn ọlọ́pàá fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, tí Ìbàdàn sì fi òótọ́ inú dáhùn pé kò ṣeé mu.

Monínúọlá gbé ìwé náà lọ tẹ́ síwájú Ọ̀gá Adébáyọ̀. Ọ̀gá kà á. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló fọwọ́ sí ìwé yìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ó ká ìwé náà, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀. "Ojú Alàgbà ṣì pọ́n, àbí kò pọ́n mọ́? Obìnrin yìí ò sì jiyàn pé òun ta ẹ̀ẹ̀rù fún un. Lẹ́tà Ìbàdàn á lọ sí kóòtù bó ṣe wà. Alàgbà ló kọ́ mi ní A, B, D, Monínúọlá. Ẹni tó bá pa á lára, èmi ló pa lára."

Bí inú bá ń bí Monínúọlá, ahọ́n Igbemo ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu. "Uṣẹ́ ni mo ń ṣe, Ọ̀gá. Bí lẹ́tà yẹn bá wọ kóòtù, èmi náà á wọ̀ ọ́. Màá gbé ìgò yìí dé iwájú adájọ́, màá ní kí ó gbé imú lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ lè bọ́ aṣọ ọlọ́pàá lọ́rùn mi. Mo mọ ògì tà."

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù.

"Títí di àárọ̀ Mọ́ńdè," ni Ọ̀gá wí. "Bí o kò bá mú ohun mìíràn wá, màá gbé e lọ bó ṣe wà."

*

Ràṣídátù jókòó sílẹ̀ nínú àhámọ́ bí ẹni tó jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gbé ìwé wá pé kó tẹ̀ka sí i, pé adájọ́ á ṣàánú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló fi jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀.

"Bó bá jẹ́ ìwé lo gbé wá, máa gbé e lọ," ó sọ fún Monínúọlá. "Àtàǹpàkò mi kì í ṣe ọjà títà."

"Ìbéèrè ni mo gbé wá, Ìyá Sàlàkọ́." Sàlàkọ́ ni àkọ́bí rẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu díẹ̀ pé ọlọ́pàá lè pe òun ní orúkọ tí àwọn oníbàárà ń pè é.

"Ó dáa, béèrè."

"Báwo lẹ ṣe ń se omi ẹ̀ẹ̀rù yín?"

"Màá ṣà á, màá fọ̀ ọ́, màá gún un díẹ̀. Màá wá se é nínú omi kànga títí omi á fi pọ́n. Màá sẹ́ ẹ sínú ìgò. Ife kékeré kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kẹta ó ti kan, wọ́n á dá ìgò padà, màá rọ tuntun fún wọn."

"Ọjọ́ kẹta?"

"Ìwọ náà, ṣé omi èròjà ń pẹ́ kó má kan ni? Ṣé wọn kì í se nǹkan nílé yín?"

"Gbogbo oníbàárà yín ló ń dá ìgò padà?"

"Gbogbo wọn. Àfi Alàgbà. Ó ní òun kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń rí lọ́jà pẹ̀lú ìgò. Gbígbẹ ló rà, igbá kan, ó ní òun á máa ṣe é fúnra òun nílé."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Ṣáájú Àjíǹde tiyín yẹn."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó ló ti padà wá rà á láti ìgbà náà?"

"Kò padà wá mọ́. Mo tilẹ̀ rò pé ó ti pa á tì ni. Àṣé ó ń dúró kó lè fi mí ṣẹ̀sín."

Monínúọlá ṣíwọ́ ìkọ̀wé. Láti Àjíǹde dé oṣù keje. Igbá kan.

Ràṣídátù dìde dúró. "Gbọ́, Sájẹ́ńtì. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ń tajà ní Ọjà Ọba. Ọbẹ̀ tí ìdajì ìyàwó ọlọ́pàá ìlú yìí mu nígbà tí wọ́n bímọ, ẹ̀ẹ̀rù mi ló wà nínú rẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ka sí ìwé yẹn, ta ni yóò tún ra èròjà lọ́wọ́ mi láyé? Ẹ̀wọ̀n kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ kó àwọn tó ń mu omi mi jọ, ẹ yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ wọn ìtọ̀ wọn, ẹ wo ojú wọn! Kí ló dé tí ẹ ò yẹ̀ wọ́n wò?"

Monínúọlá náà kò mọ ìdí rẹ̀; ó mú bírò, ó ní kí ó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

*

Kí aago mẹ́rin tó lù, ó ti kó márùn-ún nínú àwọn tó ń mu omi Ràṣídátù dé ilé ìwòsàn. Dókítà Ẹ̀bùnọlá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú Alàgbà, fa ìpéǹpéjú wọn wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ ikùn wọn, ó gba ìtọ̀ wọn.

"Ojú gbogbo wọn funfun," ó sọ fún Monínúọlá. "Ṣúgà inú ìtọ̀ àwọn méjì dín sí ti oṣù tó kọjá. Ti àwọn mẹ́ta wà bó ṣe wà. Ènìyàn márùn-ún kò tó ohun tí mo lè fi búra. N kò ní sọ fún ọ pé omi yìí ń wo àtọ̀gbẹ, n kò sì ní sọ pé ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, nítorí pé n kò rí i."

"Ẹnu Alàgbà ńkọ́? Ṣé ó bó?"

"Ẹnu rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kí ló fẹ́ bó o?"

Ọ̀rọ̀ eérú ti kú nìyẹn. Monínúọlá fà á rẹ́ nínú ìwé rẹ̀. "Bó bá ṣèèṣì gbé oògùn yín mì ní ìlọ́po méjì ńkọ́?"

"Ìyẹn lè fa ṣúgà lulẹ̀. Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀. Ka hóró tó kù nílé rẹ̀. Ó yẹ kó ṣẹ́ ku mọ́kànlélógún. Ṣùgbọ́n kò lè mú ẹ̀dọ̀ le. Mo fọwọ́ tẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀, Sájẹ́ńtì, ó le gbagidi. Ọdún púpọ̀ ni ẹ̀dọ̀ fi ń le bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ oṣù mẹ́rin."

"Kí ló máa ń mú un le?"

"Nǹkan púpọ̀ ni. Ọtí ló wọ́pọ̀ jù." Dókítà wo ẹ̀yìn kó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo bi Alàgbà bóyá ó ń mu ún. Ó lé mi jáde."

Ṣé ẹ mọ̀ pé ó yẹ kó lé e jáde? Alàgbà Akínbọ́lá ni alága Ẹgbẹ́ Ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ rẹ̀, àwọn tó búra pé ọtí kò ní kan ètè wọn títí dọjọ́ ikú. Ọdún méjìdínlógún ló fi jẹ́ alága. Ó ti yọ ọkùnrin mọ́kànlá kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí ẹmu lásán.

*

Ilé Alàgbà wà ní Ìjigbò. Màmá Mosúnmọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn, ojú rẹ̀ sì le.

"Wọ ulé. Ṣé obìnrin ọ̀hún ti jẹ́wọ́?"

"Kò tíì jẹ́wọ́, Màmá. Mo fẹ́ rí oògùn Bàbá."

Wọ́n ka hóró náà. Mọ́kànlélógún ni, kò lé, kò dín. Monínúọlá dúró, ó ń wo hóró bí ẹni tí wọ́n já kulẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀rù rẹ̀ ńkọ́, Màmá? Ibo ló ń pò ó sí?"

Inú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá ni. Bíbélì ńlá wà níwájú, ìwé orin wà lórí rẹ̀, ìgò gbọọrọ kan sì dúró sẹ́yìn wọn. Omi pupa ló wà nínú rẹ̀, èso ẹ̀ẹ̀rù kún ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Òun nìyẹn. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ní ó korò."

"Ìgbà wo ló ti pò ó?"

"Ṣáájú Àjíǹde."

"Kò sì dà á nù rí?"

"Kí ló fẹ́ dà á nù sí? Bó bá ń lọ sí ìdajì, á tún rọ omi kún un. Ìparí oṣù ló máa ń rọ ọ́, bó bá ti Ìgèdè dé, níbi tó ti ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń dá ẹmu."

Monínúọlá gbé ìgò náà sí ojú fèrèsé. Èso ẹ̀ẹ̀rù inú rẹ̀ dá ṣáká. Kò hu, kò rà, kò yọ ìfófòó. Ó ṣí i, òórùn ẹ̀ẹ̀rù gba gbogbo yàrá kan. Ó wá òórùn kíkan títí, kò rí i.

Ó rántí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé, "Monínúọlá, pààrọ̀ omi orí ògì yẹn, omi kì í bá ènìyàn ṣe ọ̀rẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ." Ràṣídátù náà ní ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù mẹ́rin rèé, omi yìí kò kan. Ohun tí kò bá kan, kì í ṣe omi.

"Màmá, ẹ fún mi ní àwo pẹrẹsẹ kan àti ìṣáná."

Ó da díẹ̀ sínú àwo náà. Ó ṣá ìṣáná, ó fi kàn án. Iná gbà á wúù, iná aláwọ̀ aró, ó ń jó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí àwo tí Màmá fi ń gbé tíì fún àlùfáà.

Màmá Mosúnmọ́lá wo iná náà títí ó fi kú. Ó fi ìdí lé etí bẹ́ẹ̀dì.

"Ògógóró," ó ní.

"Òun ni, Màmá. Láti Ìgèdè ló ti ń gbé e bọ̀, ẹ̀ẹ̀rù ló ń bo òórùn rẹ̀."

"Kó tó di ẹ̀ẹ̀rù, kànáfùrù ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá. Bó bá ti fẹ́ sún mọ́ mi, kànáfùrù. Mo rò pé nítorí tèmi ni, kí ẹnu rẹ̀ lè dùn mọ́ mi. Mo tilẹ̀ ń bá a rà á! Ọjà Ọba ni mo ti ń rà á, lọ́wọ́ obìnrin tí mo ní kí ẹ tì mọ́lé!"

Ìgbà yẹn ni omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi ìbínú nù ún kúrò.

*

Nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, Ọ̀gá Adébáyọ̀ wà lẹ́bàá ibùsùn Alàgbà nílé ìwòsàn, ọsàn lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí Monínúọlá, Màmá àti Dókítà wọlé. Màmá gbé ìgò náà jáde láti abẹ́ ìborùn rẹ̀, ó gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì.

Alàgbà wo ìgò náà. Ojú rẹ̀ tó pọ́n bí ìyeyè yí sí Monínúọlá. "Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ ológì Igbemo ni mí, Bàbá."

"Ọmọ ológì ló fẹ́ kọ́ mi níwà."

"Kò tó bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ògì ló kọ́ èmi náà. Ó kọ́ mi pé omi tó bá pé oṣù mẹ́rin láìkan, kí n ṣá ìṣáná sí i."

Ọsàn bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Adébáyọ̀. "Monínúọlá, kí lo ń wí? Ṣé o mọ ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ jẹ́ kí Dókítà sọ tirẹ̀."

Dókítà Ẹ̀bùnọlá rọra sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò yí i padà. "Bàbá, ẹ̀dọ̀ ni àká tí ara ń kó ṣúgà pamọ́ sí de ọjọ́ ebi. Lọ́jọ́ ààwẹ̀ yẹn, ẹ ò jẹun, ẹ sì gbé oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ mì. Ó yẹ kí àká ṣí. Ọtí ló tì í pa. Ìdí tí ẹ fi ṣubú nìyẹn. Ẹ̀dọ̀ tó sì le, ọtí ọdún gbọọrọ ló ṣe é."

"Oògùn ni!" Alàgbà gbé orí sókè. "Oògùn ni mo mu. Pọ́ọ̀lù sọ fún Tímótì pé kó lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀."

"Pọ́ọ̀lù kò ní kó fi í pamọ́ sẹ́yìn Bíbélì," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Nígbà tí Alàgbà tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ẹ̀yin náà, ẹ rò ó wò. Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ orúkọ yìí. Ẹ fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi wó o? Obìnrin yẹn, wọ́n á dá a sílẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Ta ló mọ̀ ọ́n?"

Ohun tí Monínúọlá gbọ́ yìí dùn ún ju èébú lọ. Ó sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. "Òun náà lórúkọ, Bàbá. Ràṣídátù lorúkọ rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló fi kọ́ tirẹ̀, nínú oòrùn. Ẹ̀yin mọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti lajú pé kò ṣe nǹkan kan, ẹ sì dákẹ́."

"Bí o kò bá sọ ọ́," Màmá Mosúnmọ́lá wí, "Sọ́ńdè tó ń bọ̀, bí wọ́n bá ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí bọ́ síwájú, màá bọ́ síwájú. Ìgò yìí ni màá gbé dání. Màá ṣá ìṣáná sí i lójú ìjọ."

Alàgbà wo ìyàwó rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé yóò ṣe é.

"Adébáyọ̀," ó pè nígbẹ̀yìn.

"Sà."

"Mú bírò. Kọ ohun tí mo bá pè fún ọ. Kí o má fo ọ̀rọ̀ kan, kí o má sì ṣe àṣìkọ."

Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá jókòó sórí àga kékeré, ó tẹrí ba bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní, ó ń kọ ọ́.

*

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àhámọ́. Ọ̀gá Adébáyọ̀ fúnra rẹ̀ ló dúró níbẹ̀.

"Ìyá, ẹ máa lọ sílé. Ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ẹ má bínú."

Ràṣídátù rìn dé iwájú káńtà, ó sì dúró. Gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò wé e.

"Sájẹ́ńtì sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé yín."

"Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá, ìwé ìjọba ni."

"Ó ní ẹ kọ ẹ̀ẹ̀rù, ẹ ò fi àmì sí i, ó di eérú. Èmi ò mọ ìwé òyìnbó kà. Ilé kéwú ni mo lọ. Ṣùgbọ́n ní ilé kéwú, bí o bá fi àmì sílẹ̀ lórí lẹ́tà, pàṣán ni alfa fi máa ń bá ọ wí. Ẹ fi àmì sí i."

"Ìyá, ẹjọ́ ti parí. Kí ni àmì fẹ́ ṣe?"

"Ẹlòmíràn á ka ìwé yẹn lọ́jọ́ mìíràn. Á ní Ràṣídátù ta omi eérú fún Alàgbà. Ẹ fi àmì sí ọjà mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ tì mí mọ́lé padà." Ó fi gèlè lé orí káńtà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Kọ́ńsítébù Ọláoyè ń wo ilẹ̀. Monínúọlá kò gbèjà ẹnikẹ́ni, ó kàn ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ ìwé tí Ọ̀gá jù síbẹ̀ jáde, ó ṣí ìwé ńlá àgọ́ pẹ̀lú, ó tẹ́ méjèèjì sílẹ̀. Ibi mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Ọ̀gá Adébáyọ̀ wò ó. Ó wo Ràṣídátù. Ó mú bírò jáde, ó tẹ̀ mọ́ ìwé, ó sì fi àmì sí i níbi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, òkè àti ìsàlẹ̀. Níbi tí lẹ́tà kò bá ti pé, ó há èyí tó kù sáàárín.

"Ó ti parí, Ìyá."

"Ẹ kà á kí n gbọ́."

"Ẹ̀ẹ̀rù," Ọ̀gá wí jẹ́jẹ́.

"Àwọn tó wà níta kò gbọ́."

"Ẹ̀ẹ̀rù!"

Ràṣídátù dìde. Ó wé gèlè rẹ̀ dáadáa, ó fi ọwọ́ tún etí rẹ̀ ṣe, ó sì na ọwọ́ síwájú.

"Ó dáa. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ mi."